Ẹ Jẹ́ Kí Táńkì Ó Mí

Ohun tó bá jọ ohun ni a fi ń wé ohun. Ihò méjì ni à ń lu sí orí agolo mílíìkì: mílíìkì ń gba ọ̀kan jáde, afẹ́fẹ́ ń gba èkejì wọlé. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ni a lu, ńṣe ni agolo yóò máa ṣahun.

Ọgbọ́n kan náà ni ó wà nínú táńkì epo àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní muscle car, irú bí Pontiac GTO ti 1964. Pọ́ǹpù ara ẹ́ńjìnnì ń fa epo láti inú táńkì ẹ̀yìn ọkọ̀. Bí epo ti ń jáde, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa wọlé rọ́pò rẹ̀. Nígbà náà, ihò kékeré ara ìdérí táńkì, tàbí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ṣí síta, ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Ṣùgbọ́n ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ni èémí epo ń gbà jáde, pàápàá nígbà tí oòrùn bá mú. Èémí yìí ń ba afẹ́fẹ́ ìlú jẹ́, iná sì tètè máa ń ràn mọ́ ọn. Nítorí náà ni ìpínlẹ̀ California fi ṣòfin lé e lórí fún àwọn ọkọ̀ tuntun ti 1970. Ní ti 1971, òfin náà kan gbogbo Amẹ́ríkà. Wọ́n wá fi páìpù so táńkì mọ́ agolo kan tí èédú kún inú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dúró, èédú a gba èémí epo mọ́ra. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, a fà á, a sì jó o. Ìdérí táńkì kò sì jẹ́ kí èémí epo jáde síta mọ́.

Ìdérí ti àtijọ́ àti ti ìgbà èédú lè jọra bí igba àti igbá ti jọra lójú ẹni tí kò ka àmì ohùn sí. Ihò kékeré yẹn ni àmì ohùn tiwọn. Ẹni tí ó bá fi ìdérí aláìníhò dé táńkì ti 1965 tí kò ní ọ̀nà ìmí mìíràn ti fún un lọ́rùn. Ọkọ̀ yóò rìn díẹ̀, yóò kú. Bí a bá ṣí ìdérí, afẹ́fẹ́ á dún ṣìì wọlé, ọkọ̀ á sì jí. Nígbà mìíràn, táńkì á tẹ̀ wọnú. Pọ́ǹpù aláìṣẹ̀ ni wọn yóò sì máa dá lẹ́bi.

Àwọn tí wọ́n ń yọ agolo èédú kúrò ni wọ́n dùn mí jù. Wọ́n ní ó ń jẹ agbára ẹ́ńjìnnì. Lójú tèmi, àṣìṣe ńlá ni. Epo tí a fowó rà ni agolo náà ń dá padà fún wa. Ẹni tí ó yọ ọ́ tí ó sì dí páìpù, ó dí táńkì nímú. Ẹni tí ó fi páìpù sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó ń tú èémí epo sínú gáréèjì rẹ̀, níbi tí iná kékeré ti lè jó ilé àti ọkọ̀ pọ̀.

Kí a tó pààrọ̀ ohun kékeré, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe.