Títì Ọlọ́dà Kì Í Ṣe Àtẹ Kòkó!

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ̀yin oníṣòwò kòkó, ọ̀rọ̀ yìí á ta àwọn kan lára, àmọ́ a ò ní torí ìyẹn gbé e mì.

Ẹ gba títì Àkúrẹ́ sí Oǹdó lásìkò kòkó, ẹ máa rí èyí tí wọ́n sá sórí ọ̀dà. Tí a bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní, "Bàbá wa náà sá a síbẹ̀, ta ló kú?" Ẹ jọ̀ọ́, májèlé tó wà nínú èéfín igi náà ló wà nínú èéfín ọkọ̀, ọ́ìlì tó ń kán sílẹ̀ àti ọ̀dà. Ọ̀kan lára wọn ni benzopyrene, ó sì ń fa jẹjẹrẹ. Ọ̀rá ló máa ń wọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí ìdajì kóró kòkó ló jẹ́ ọ̀rá. Omi ò lè fọ̀ ọ́ kúrò.

Ẹ ní ojú ò rí i? Ẹ̀rọ ń rí i. Láti 2013, òfin Yúróòpù ò gbà ju máíkírógíráàmù 5 lọ nínú kílò ọ̀rá kòkó kan. Ẹ pín gíráàmù kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, kí ẹ mú 5 níbẹ̀: ìyẹn péré ni! Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ọ̀kan ni fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, tí Janusz Pawliszyn gbé jáde ní Kánádà ní nǹkan bí 1990. Wọ́n fi nǹkan kan bo fọ́nrán náà lára tó ń fa irú májèlé yìí mọ́ra, tí omi ò sì wọ̀. Wọ́n á wá kì í bọ inú ẹ̀rọ gbígbóná tó máa tú àṣírí.

Àmọ́ àgbẹ̀ nìkan kọ́ ló jẹ̀bi. Ẹ̀yin tó ń rà á, iye kan náà lẹ ń san fún kòkó orí ọ̀dà àti kòkó orí ẹní. Ẹ tún ń dà wọ́n pọ̀! Kí ni ẹni tó ṣe dáadáa wá jẹ? Àpò kan lè ba ti gbogbo wa jẹ́. Ẹ rántí ẹ̀wà wa tí Yúróòpù tì mọ́ta ní 2015 torí oògùn.

Ẹ sá a sórí ẹní tàbí àtẹ ọparun, jìnnà sí títì àti èéfín. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ ya èyí tó mọ́ sọ́tọ̀, kí ẹ sì fowó lé e. Bí ẹ ò bá fowó lé e, ẹ má bá àgbẹ̀ wí mọ́.

Ẹ bá wa pín in dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kù.