Ẹ Má Tíì Pa Géèmù Náà Rẹ́

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé yàrá kan náà ní Àgọ́-Ìwòyè gba géèmù Unciv sórí fóònù rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti pa á rẹ́. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ló fi kàn án: “Kò sí nǹkan kan tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀!” Ẹ̀ẹ̀mejì lèmi náà ti pa á rẹ́ rí, nítorí náà n kò lè bú u. Ṣùgbọ́n ó ṣìnà.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ọ̀fẹ́ ni Unciv, kò nílò dátà bí ẹ bá ti gbà á tán, fóònù tí ojú rẹ̀ ti sán pàápàá lè gbé e. Civilization V tó jáde ní 2010 ni wọ́n wò ṣe é. 1991 sì ni Civilization àkọ́kọ́, iṣẹ́ ọwọ́ Sid Meier àti Bruce Shelley, ti jáde. Ìwọ á ta tìrẹ, àwọn alátakò á ta tiwọn; ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá kàn ọ́ ni tọ́ọ̀nù. Songhai, ti Askia, ni mo máa ń mú, torí ó sún mọ́ ilé ju Róòmù lọ. O tẹ ìlú dó. O ní kí wọ́n kọ́ nǹkan kan, wọ́n ní ó di tọ́ọ̀nù mélòó kan sí i. O tẹ bọ́tìnì, o tún tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi ti sùn lọ.

Ọwọ́ bàbá bàbá mi ní Abígí, ní Ogun Waterside, ni mo ti kọ́ ohun tí ọ̀rẹ́ mi kò rí. Bí a bá gba ọlidé, wọ́n á kó wa láti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ síbẹ̀, ayò sì ni iṣẹ́ ọ̀sán. Ilé 12, ọmọ 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ lọ dán an wò: ibi yòówù kí ẹni àkọ́kọ́ àti ẹnì kejì ti ta, kò sí ẹni tó lè jẹ ẹyọ kan ní ọwọ́ méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni bàbá á wá máa kó ọmọ jọ sí ojú ilé kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ń pè ní odù. Ara mi kò ní gbà á mọ́.

“Bàbá, ẹ ta á nù un!”

“Mo ń ta á láti àárọ̀.”

Bí odù náà bá ti ju 12 lọ, tí àwọn ilé tèmi sì ti gbẹ, wọ́n á gbé e, á yí ọpọ́n po, á tún padà bá mi. Ilé tó ṣófo á di méjì, èyí tó ní ẹyọ kan á di mẹ́ta, wọ́n á sì jẹ wọ́n lọ ràì. Bí ẹni tó ń kọjá bá wá ní “Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ,” ẹ mọ ẹni tí kò gbọdọ̀ dáhùn. Ọlidé mẹ́ta ni mo fi dákẹ́.

N kò sọ pé gbogbo géèmù tó lọ́ra ló dára o. Èyí tó ní kí o dúró fún wákàtí mẹ́jọ kí ilé kan tó parí, àfi bí o bá sanwó, olè ni. Ohun tí mo máa ń wò ni pé ṣé nǹkan wà tí mo lè pinnu báyìí? Ní Unciv, etí odò tàbí orí òkè tí mo tẹ ìlú sí ní tọ́ọ̀nù kìíní ló ń pinnu bóyá odi mi á dúró nígbà tí ogun bá dé lẹ́yìn tọ́ọ̀nù 90. Ìgbà kẹta tí mo gbà á ni mo tó mọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi yìí náà ló ti yí àkòrí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mẹta, ní gbogbo ìgbà tó bá ku kó jókòó ti ohùn tó gbà sílẹ̀ kó máa kọ ọ́ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. N kò sọ ọ́ sí i létí. Ó máa kà á níbí.

Ó tún ti gba géèmù náà ní alẹ́ àná. Tọ́ọ̀nù 17 ló wà. Ó ní kò tíì sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kó fún mi ní fóònù kí n wò ó, ó gbá ọwọ́ mi dànù.