Èkó Ni Ìtàn-Àròsọ Yorùbá Ti Ṣẹ̀, Kì í Ṣe Inú Igbó

Ẹ béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá pé ìwé ìtàn-àròsọ wo ló kọ́kọ́ jáde ní èdè rẹ̀. Kò ní fa orí kó tó dáhùn: Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, D. O. Fágúnwà, 1938. Olùkọ́ á fún un ní máàkì, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìdáhùn yìí ti jókòó sínú ìwé ìléèwé débi pé kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò mọ́.

Kò tọ̀nà. Bó bá jẹ́ pé ọdún nìkan ni wọ́n ṣì ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá mọ níwọ̀n. Àmọ́ ohun tó ń bí ni nínú burú jù ú lọ: àwọn èèyàn ti wá gbà pé inú àlọ́ àti igbó ẹbọra ni ìtàn-àròsọ Yorùbá ti wá, pé òṣèlú, owó oṣù àti ariwo ìgboro kò kàn án rárá níbẹ̀rẹ̀.

Lóṣù Keje ọdún 1929, ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan jáde. Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ló pe ara rẹ̀, ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ láyé. Ó ní ẹwà tí òun fi ń ṣayé ti ṣá, àìsàn ti gbé òun dè, ìṣẹ́ sì ti wọlé tọ òun; òun fẹ́ ka ẹ̀ṣẹ̀ òun kí àwọn ọmọge ẹ̀yìn lè fi ṣàríkọ́gbọ́n. Lẹ́tà ń tẹ̀ lé lẹ́tà títí di oṣù Kẹta ọdún 1930. Àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́. Wọ́n ń kọ̀wé sí olóòtú nípa rẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe ẹnì kan débi tó fi owó ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ kò sí Sẹ̀gilọlá kankan níbì kankan. Isaac Babalọlá Thomas, olóòtú Akéde Èkó fúnra rẹ̀, ló ń kọ lẹ́tà sí ara rẹ̀. Lọ́dún 1930 náà ló kó wọn jọ di ìwé. Ọdún mẹ́jọ gbáko ló fi ṣáájú Fágúnwà.

Kí ló la ọ̀nà fún irú ìtàn bẹ́ẹ̀? Òṣèlú ni. Òfin ìjọba tuntun tí Gómìnà Clifford gbé jáde lọ́dún 1922 ló fún Èkó ní àyè láti dìbò yan aṣojú mẹ́ta sí ìgbìmọ̀ aṣòfin, tó sì fún Calabar ní ẹyọ kan. Lọ́dún 1923 tí ìbò náà wáyé ni Herbert Macaulay àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣèlú Democratic sílẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ìwé ìròyìn Yorùbá ń yọ bí olú: Èkó Àkéte, Elétí Ọfẹ, Yorùbá News nílùú Ìbàdàn, kí Akéde Èkó tó dé. Ọkùnrin tó ń rí 100 pọ́n-ùn lọ́dún nìkan ló lè dìbò; kò sí obìnrin kankan níbẹ̀. Ìwé ìròyìn ní tirẹ̀ kò béèrè iye tẹ́nì kan ń gbà kó tó tẹ lẹ́tà rẹ̀.

Ibí yìí ni ìwé Thomas ti ń ṣiṣẹ́ tí ìwé ìtàn ilẹ̀ wa kì í ṣe. Obìnrin tó ti ba ayé ara rẹ̀ jẹ́ ní ibi tó máa ń kó ẹjọ́ rẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀: ọ̀dọ̀ àgbà ilé, ọ̀dọ̀ babaláwo, tàbí ọ̀dọ̀ pásítọ̀. Sẹ̀gilọlá rékọjá gbogbo wọn. Olóòtú ló lọ bá, ó sì di ẹni tí gbogbo Èkó ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹun. Bẹ́ẹ̀, ní gbogbo oṣù tí lẹ́tà rẹ̀ fi ń jáde, Ọ̀yọ́ ni Èṣùgbàyí, Ọba Èkó, wà, níbi tí ìjọba lé e sí lọ́dún 1925. Ọdún 1931 ló tó padà wálé. Nígbà tí òyìnbó lè gbé ọba kúrò lórí ìtẹ́, kí ló kù tí àgbà ilé fẹ́ fi dẹ́rù ba ọmọge ìgboro? Thomas kò sọ èyí bí oníwàásù òṣèlú. Orin tí ará Èkó ń kọ láyé ìgbà náà ló ń tò sínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹsẹ Bíbélì ń fara kan òwe, ó sì ń dárúkọ ibi tí òǹkàwé lè fẹsẹ̀ rìn dé.

Àwọn kan á ní òfófó inú ìwé ìròyìn ni, kì í ṣe ìtàn-àròsọ. Kí wọ́n bi ara wọn bí Charles Dickens ṣe tẹ àwọn ìtàn tirẹ̀: díẹ̀díẹ̀, ní apá-apá, náà ni. Àwọn mìíràn á ní ìwàásù Thomas pọ̀ jù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Fágúnwà wo ni kì í wàásù?

Ohun tó gbé Fágúnwà síwájú kò ju ìléèwé lọ. Olùkọ́ ni òun fúnra rẹ̀, ìwé rẹ̀ sì yẹ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Olùkọ́ ìjọ wo ló fẹ́ gbé ìtàn ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ fún ọmọ ọdún méjìlá? Ìwé ìròyìn ń gbó sínú àká ìwé, àwọn ọmọ ń ka ti ọdẹ, ẹ̀rí sì ń pa rẹ́. Ọdún 2012 ni Karin Barber tó tún ìwé Thomas tẹ̀ jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Látìgbà náà, àwáwí ti tán.

Ìyẹn kò bu Fágúnwà kù. Òun gan-an ọmọ ayé ìwé kíkọ yẹn ni: Àkàrà-Ògùn, ọdẹ inú ìwé rẹ̀, kì í ṣàdédé sọ̀rọ̀, akọ̀wé ló wá bá pé kó mú kálàmù àti bébà, kó máa kọ ohun tí òun bá sọ sílẹ̀.

Bí alágídí kan bá sì tún takú pé lẹ́tà kì í ṣe ìtàn-àròsọ, pé ká yọ Sẹ̀gilọlá kúrò nínú ìṣirò, kó yọ ọ́. E. A. Akíntán tó ni Elétí Ọfẹ tẹ Ìgbẹ̀hìn Adùn tàbí Ìtàn Ọmọ Orukan jáde lọ́dún 1931. Ìyẹn náà fi ọdún méje ṣáájú 1938, oníwèé ìròyìn Èkó sì ni òun náà.