"Kí ni Àwòrán Yìí Jẹ́?"

Ní ọdún tó kọjá, àbúrò mi ọkùnrin gbé àwòrán kan wá sí yàrá mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti lò lórí rẹ̀. Kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, kò sí igi, kò sí ilé. Àwọ̀ ewé kan tó ṣókùnkùn ló gba apá òsì, pupa kan tó dà bí epo tó ti dì wà lókè, funfun tín-ín-rín kan sì gba àárín wọn kọjá. Mo wò ó, mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ṣé èyí lo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe? Ọmọ ọdún mẹ́ta náà lè kùn ún." Kò fèsì. Ó gbé àwòrán rẹ̀, ó jáde. Láti ọjọ́ náà, kò fi iṣẹ́ rẹ̀ kankan hàn mí mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, òun ni mo sì fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé mi sọ lọ́sẹ̀ yìí. Èmi gan-an ló yẹ kí n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mò ń kọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì, wọ́n kọ́ wa ní ohun tí gírámà ń pè ní ọ̀rọ̀-orúkọ àfòyemọ̀: ìfẹ́, ìbẹ̀rù, àlàáfíà, ìyà. A kò lè fọwọ́ kàn wọ́n, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ pé wọn kò sí. Orúkọ yẹn náà ni mo wá ń fún irú iṣẹ́ tí àbúrò mi ṣe: àwòrán àfòyemọ̀.

Ẹ tilẹ̀ wo aṣọ òkè tí à ń pè ní ẹtù. Ẹyẹ ẹtù ló yá a lórúkọ, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí ojú tàbí ẹsẹ̀ ẹyẹ kankan lára rẹ̀. Aró dúdú ni, pẹ̀lú fónrán òwú tí àwọ̀ aró tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí. Bàbá kan yóò gbé e wọ̀ lọ sóde ìgbéyàwó, kò sì sẹ́ni tí yóò dá a dúró bi í pé kí ni àwòrán ara aṣọ rẹ̀ jẹ́. Ojú wa ti mọ bí a ṣe ń gbádùn àwọ̀ àti ìlà tí kò ya ohunkóhun. Kí ló dé tí a fi ń gbàgbé bí wọ́n bá ti fi férémù yí i ká?

Ẹni tó kọ́kọ́ là mí lójú ni Odili Donald Odita. Enugu ni wọ́n bí i sí ní 1966. Ogun abẹ́lé ló lé àwọn òbí rẹ̀ kúrò nílé, tó fi jẹ́ pé Ohio, ní Amẹ́ríkà, ló dàgbà sí. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dá Ẹgbẹ́ Oníṣẹ́-ọnà ti Zaria sílẹ̀. Àwọ̀ inú iṣẹ́ ọmọ yìí ṣe ṣóńṣó ṣóńṣó bí èéfọ́ dígí, ọ̀kan ń gún èkejì, etí wọn sì mọ́ gaara. Nígbà mìíràn, ara ògiri gan-an ló máa ń yà á sí, bí ó ti ṣe níbi ìpàtẹ ńlá ti Venice ní 2007. Ó ti ṣàlàyé rí pé ọwọ́ lòun fi ń po àwọ̀ òun, àti pé òun kò lè po àwọ̀ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì. Èkejì kàn lè jọ àkọ́kọ́ ni. Ẹni tó bá ti dúró ti ìkòkò aró rí mọ̀ pé òótọ́ ni. Bí aró bá ti gbó sí, àti iye ìgbà tí aṣọ wọ inú rẹ̀, ló ń sọ bí yóò ṣe dú tó.

Jadé Fadojutimi ń kọ́? London ni wọ́n bí i sí ní 1993, àwọn òbí rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún tí Tate fi ra iṣẹ́ rẹ̀. Òru ló fẹ́ràn láti máa fi ṣiṣẹ́, pẹ̀lú orin fíìmù létí rẹ̀. Kí n má purọ́, àwọn kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ máa ń rẹ̀ mí lójú. Àwọ̀ wọn pọ̀ bí èrò ọjà ọdún. Ṣùgbọ́n orí fóònù ni mo ti ń wò wọ́n. Kánfáàsì tó ga ju ènìyàn lọ wá di bí àtàǹpàkò! Mi ò lè fi ìyẹn dá a lẹ́jọ́.

Nítorí náà ni mo ṣe gba ilé ìpàtẹ Nike lọ ní Lẹ́kí, kí n lè wo ọ̀dà tó wà lójú ayé. Mo dúró síwájú àwòrán kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́, ojú ń tì mí. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i: àwọ̀ wo ló kọ́kọ́ débẹ̀, èwo ló bò ó mọ́lẹ̀, ibo ni ọwọ́ ti kánjú, ibo ló ti ń ṣiyèméjì. Nígbà tí mo sún sẹ́yìn, àwọ̀ búlúù tí mo ti rò pé ó kéré ló gbé gbogbo yòókù dúró. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò fún mi ní nǹkan kan, bí mo ti wò ó tó. Bó ṣe ń rí náà nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo aláró ni aró rẹ̀ ń mú.

Ní Sátidé tó kọjá, mo pe àbúrò mi, mo tọrọ àforíjì, mo sì ní kó jẹ́ kí n tún àwòrán náà wò. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Àǹtí mi, kò sí mọ́ o. Kánfáàsì ti wọ́n jù. Mo ti ya nǹkan mìíràn lé e lórí."

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Òun náà ló tún sọ̀rọ̀. Ó ní ní igun ìsàlẹ̀, lápá òsì, àwọ̀ ewé yẹn ṣì ń yọjú díẹ̀, bí mo bá fẹ́ wò ó. Ọ̀la ni mò ń lọ.