Àwòrán ilé kan náà ni kí gbogbo oníṣẹ́ máa wò

Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Láyé àtijọ́ ní Òkè-Ògùn, amọ̀ ni a fi ń mọlé. Ẹni tó ń mọ ọ́n kì í kánjú. Bó bá mọ ipele kan, á jẹ́ kó gbẹ kó tó gbé òmíràn lé e. Bí ògiri bá sì wó, ará àdúgbò á tún pé jọ mọ ọ́n. Lónìí, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti pọ̀ ní Ìsẹ́yìn, Ṣakí, Òkèihò àti Kìṣí. Owó iṣu àti kajú ọdún pípẹ́ ni onílé ń kó lé búlọ́ọ̀kù, irin àti sìmẹ́ǹtì. Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá wó, kì í ṣe owó nìkan ló ń bá a lọ, ẹ̀mí náà ń bá a lọ.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ̀rọ̀ lórí àwòrán ilé, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní púláànù. Pẹ́ńsù àti rúlà ni wọ́n fi ń yà á tẹ́lẹ̀. Ní 1982 ni AutoCAD jáde, tí àwọn ayàwòrán ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà fa ilà. Ó yá, ó gún régé, àtúnṣe rẹ̀ kò sì le. Ṣùgbọ́n ilà lásán ni kọ̀ǹpútà náà mọ̀. Kò mọ̀ pé ògiri nìyí, òpó nìyẹn. Ayàwòrán ilé ní ìwé tirẹ̀, ẹnjiníà ní tirẹ̀, púlọ́ńbà àti oníná náà ní tiwọn. Bí onílé bá ní kí wọ́n sún àtẹ̀gùn, tí ẹnì kan tún ìwé tirẹ̀ ṣe tí kò sọ fún ẹnìkejì, ìwé méjì tó ń ta ko ara wọn ni yóò dé ọwọ́ bíríkìlà.

Ará Ìsẹ́yìn tó mọ aṣọ òfì kò ní pẹ́ lóye rẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni a ń hun ún kí a tó rán an pọ̀. Bí ahunṣọ mẹ́ta bá pín iṣẹ́ náà, tí wọn kò lo ìwọ̀n kan náà, ọjọ́ ìránpọ̀ ni àṣírí yóò tú. Aṣọ ṣeé tú. Kọnkéré tó bá ti gan kò ṣeé tú.

Ọ̀nà tuntun tí wọ́n ń pè ní Building Information Modelling, tàbí BIM, ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ odindi ilé náà sínú kọ̀ǹpútà. Nínú rẹ̀, ògiri ń jẹ́ ògiri, òpó sì ń jẹ́ òpó, pẹ̀lú ìwọ̀n àti irin inú rẹ̀. Bí wọ́n bá sún fèrèsé kan, gbogbo ìwé tí wọ́n ti yà á ni yóò yí padà. Bí páìpù omi bá fẹ́ gba àárín òpó kọjá, ó máa hàn kí ẹnikẹ́ni tó po sìmẹ́ǹtì. Ó tún lè ka iye búlọ́ọ̀kù tí iṣẹ́ náà yóò gbà. Láti oṣù kẹrin 2016 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ di dandan fún iṣẹ́ ilé tí ìjọba àpapọ̀ wọn ń gbé jáde.

Àwọn kan yóò ní owó rẹ̀ ti pọ̀ jù, àti pé òótọ́ inú ló wọ́n wa, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2021, ilé alájà 21 wó ní òpópónà Gerrard, Ìkòyí, l'Ékòó, ó sì pa èèyàn tó lé ní 40. Àwọn aláṣẹ Èkó sọ pé alájà 15 ni wọ́n fọwọ́ sí. Ìwé ń sọ ọ̀tọ̀, iṣẹ́ ń sọ ọ̀tọ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè dá ọwọ́ ẹni tó ti pinnu láti rúfin dúró.

Síbẹ̀, níbi tí ìwé bá ti pọ̀ káàkiri, ibẹ̀ ni oníkálukú ti ń ti ẹ̀bi sọ́rùn ẹlòmíràn. Bó bá jẹ́ àwòrán kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lò, tí orúkọ ẹni tó bá yí nǹkan padà sì wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá yẹ ilé wò lè dúró níwájú rẹ̀, kó ka òpó àti àjà, kó sì mọ ẹni tí yóò mú.

Èrò wa ni pé kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi ilé ìwé àti ilé ìwòsàn tó bá fẹ́ kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá Òkè-Ògùn bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Poli Òkè-Ògùn ní Ṣakí ní iṣẹ́ náà. Kí wọ́n sì fún àwọn tó ń yẹ ilé wò ní kọ̀ǹpútà, iná àti ọkọ̀, nítorí ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì kò lè ka òpó.

Ẹni tó ń kọ́ ilé kékeré kò nílò láti náwó lé BIM. Ṣùgbọ́n kó tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, kó pe ayàwòrán ilé, ẹnjiníà, bíríkìlà, púlọ́ńbà àti oníná jókòó pọ̀, kí wọ́n tẹ́ ìwé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí wọn yóò fi bára mu. Bí ọ̀kan bá yí padà, kí gbogbo rẹ̀ yí padà. Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń fowó ránṣẹ́ láti Èkó àti òkè òkun, ẹ má kàn béèrè fọ́tò ilé. Ẹ béèrè púláànù pẹ̀lú.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.