Ta Ni Onígbọ̀wọ́?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí: onígbọ̀wọ́. Wọ́n ti ń fún ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, ìyà tí ó ń ti ibẹ̀ wá kò sì kéré.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan tí ìyá rẹ̀ gbà hàn mí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó yá owó lórí fóònù tí kò rí i san. Àwọn tí ó yá a lówó wá kọ̀wé sí ìyá pé òun ni onígbọ̀wọ́ ọmọ rẹ̀. Bí kò bá san owó náà kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn yóò pè é lẹ́jọ́, ọlọ́pàá yóò sì wá gbé e. Ìyá yìí kò fọwọ́ sí ìwé kankan. Inú fóònù ọmọ ni wọ́n ti rí nọ́ńbà rẹ̀. Ó ti ń wá ẹni tí yóò ra ewúrẹ́ rẹ̀. Mo ní kí ọmọ náà sọ fún un pé kí ó má tà á.

Ẹ jẹ́ kí a bi èdè wa léèrè. Gbèsè, jíjẹ ni a ń jẹ ẹ́. Jẹ yìí kan náà ni a ń bá pàdé nínú jẹ ìyà, jẹ oyè àti jẹ̀bi: ara ẹni tí ó jẹ ẹ́ ni ó ń wọ̀. Ìgbọ̀wọ́ ní tirẹ̀, ṣíṣe ni à ń ṣe é. Ènìyàn a dìde láàárín ìjókòó, a ní, “Bí kò bá san án, ẹ wá bá mi.” A kì í bí onígbọ̀wọ́ bí a ṣe ń bí ìyá tàbí àbúrò. Bí ó bá jẹ́ pé ìbátan nìkan tó láti fi gba owó lọ́wọ́ ènìyàn, kí ni èdè wa ì bá fi ọ̀rọ̀ náà ṣe?

Ẹnìkan lè sọ pé láyé àtijọ́, gbèsè ẹnìkan ni gbèsè agbo ilé. Òótọ́ wà níbẹ̀, kò sì yẹ kí a fi pamọ́. Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ṣe àpèjúwe ológò. Olówó ni yóò rán an lọ sí ilé onígbèsè. Yóò jókòó síbẹ̀, yóò máa pariwo, yóò máa pa adìẹ tí ó bá rí jẹ, títí owó yóò fi jáde. (Ohun ìdógò tí báńkì ń béèrè lónìí, inú dógò yìí ni a ti mú un.) Àwọn òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń ta aṣọ láwìn, a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè. Èyí tí ó burú jù ni ti ìwọ̀fà. Bàbá yá owó, ọmọ ni ó ń ro oko olówó. Iṣẹ́ ọmọ náà ni èlé, owó gan-an kò dín. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ọdún 1956 ka irú ìsìnrú fún gbèsè bẹ́ẹ̀ mọ́ àwọn àṣà tí ó jọ oko ẹrú. A ti fi í sílẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Èmi kò rí ìdí tí fóònù yóò fi dá ológò padà sí ilé wa.

Kì í ṣe pé òfin dákẹ́. Ní 2021, àjọ NITDA ní kí ilé iṣẹ́ Soko Lending san owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà nítorí irú ìwà báyìí. Láti 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ti fún àwọn báńkì ní ọ̀nà láti fa owó wọn yọ nínú àwọn àkáǹtì mìíràn tí onígbèsè fúnra rẹ̀ ní. Àkáǹtì onígbèsè ni, kì í ṣe ti ìyá rẹ̀. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí àdéhùn tí ó yẹ̀ lásán, a kò sì gbọdọ̀ mú ẹnìkan dípò ẹlòmíràn. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ènìyàn wa ti ń fi káàdì rajà láwìn, òfin ọdún 1977 ti ká àwọn agbowó-gbèsè lọ́wọ́ kò láti máa ròyìn gbèsè ènìyàn fún ẹbí àti aládùúgbò rẹ̀.

Ti òkú yàtọ̀ díẹ̀. Ní Ìlọrin, nígbà ìsìnkú, ẹbí a máa kéde pé ẹni tí olóògbé bá jẹ lówó kí ó wá sọ. Àṣà tí ó wù mí ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: Àlùkùráànì, nínú Súrà kẹrin, ní kí a yọ gbèsè kúrò nínú ohun tí olóògbé fi sílẹ̀ kí a tó pín ogún. Inú dúkìá olóògbé ni, kì í ṣe àpò opó. Bí ọmọ bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ kún un, ọmọlúwàbí ni. Kò sẹ́ni tí ó lè fi dandan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn àgbà kan a máa ní, “Ẹ tètè san án kí ojú má tì wá.” Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò gbà. Ìtìjú yẹn gan-an ni ọjà tí àwọn ayánilówó wọ̀nyí ń tà, bí a bá sì ti rà á lẹ́ẹ̀kan, wọn yóò tún gbé e wá.

Bí ó bá wá jẹ́ ìwé ìpẹ̀jọ́ tòótọ́ ni ó dé, tí ó ní òǹtẹ̀ ilé ẹjọ́, nọ́ńbà ẹjọ́ àti ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, ẹ má ṣe jù ú nù. Ẹni tí kò bá yọjú lè gba ìdájọ́ lórí gbèsè tí kò jẹ. Ẹ wo orúkọ tí ó wà lórí rẹ̀, ẹ wá agbẹjọ́rò, kí ẹ sì ní kí wọ́n gbé ìwé tí onígbọ̀wọ́ fọwọ́ sí jáde.