Ẹ ní ká sọ ohun tá a bá rí: ẹ̀yin náà ẹ sọ ohun tí ẹ rà



Àwọn kan ti ránṣẹ́ sí mi pé kí n má kọ ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìjọba ni ọ̀rọ̀ ohun ìjà, pé ìwé ẹgbẹ́ wa wà fún ọ̀rọ̀ iṣu, ọ̀rọ̀ omi àti ọ̀rọ̀ ọ̀nà Tchamba. Mo gbọ́, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín ná: nígbà tí àwọn aláṣẹ bá fẹ́ mọ àlejò tó wọ ìlú, ta ni wọ́n ń pè? Ṣé kì í ṣe baálẹ̀ ni? Láti ìgbà tí ìjà ti wọ àríwá ilẹ̀ wa, ìpè kan náà la ń gbọ́: ẹni tó bá rí ojú tí kò mọ̀, kó wá sọ, ẹni tó bá gbọ́ ìró alùpùpù lóru nínú igbó, kó wá sọ. A gbà bẹ́ẹ̀. Àwa tí ẹnubodè Benin kò jìnnà sí, a mọ ohun tí igbó lè fi pa mọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ òótọ́ lẹ́nu wa, kí òun náà máa bá wa sọ òótọ́.

Ẹ rántí Margba. Abúlé kan ni ní ìhà Dapaong, ní ẹkùn Savanes, nǹkan bí 300 kìlómítà sí Sokodé. Òru 9 mọ́jú 10 oṣù keje ọdún 2022 ni, lọ́dún Iléyá, Tabaski tí gbogbo ilé wa níbí náà ń ṣe. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń darí bọ̀ láti ibi ọdún. Méje nínú wọn kú sójú ọ̀nà, méjì fara pa. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde ni pé nǹkan kan bú gbàmù. Ó bú gbàmù, ó tán. Wọn ò sọ ẹni tó ju nǹkan. Kí lẹ rò pé àwa tá a wà nílé máa rò? Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn ni àwọn agbésùnmọ̀mí ti pa sójà mẹ́jọ ní Kpinkankandi, ìjọba sì ti kéde òfin pàjáwìrì ní Savanes ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà. Olúkúlùkù sọ pé àwọn náà ló tún dé yẹn.

Ní ọjọ́ 14 oṣù keje, iléeṣẹ́ ọmọ ogun fúnra wọn wá jáde. Wọ́n ní ọkọ̀ òfuurufú àwọn tó ń ṣọ́ òru ló ṣe àṣìṣe, pé ó ka àwọn ọmọ náà sí agbésùnmọ̀mí, ó sì yìn wọ́n. N ó yìn wọ́n níbi tí ìyìn yẹ. Ká pa ènìyàn ní àṣìṣe, ká jẹ́wọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó pé, kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń gbé ìbọn. Mo mọ bí ó ti ṣòro tó fún ọ̀gá láti bu ọwọ́ lu irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ẹ wo ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n lò nínú rẹ̀: «aéronef». Èmi tí wọ́n fi ẹgba kọ́ ní Faransé mọ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Aéronef ni ohunkóhun tí ọmọ ènìyàn ṣe tó sì ń fò. Báàlúù, aéronef ni. Ẹlikọ́pítà, aéronef ni. Drone tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, aéronef ni. Akọ̀wé tó yan ọ̀rọ̀ yẹn mọṣẹ́ rẹ̀. Bí o bá lọ bá ìyá kan tí o ní «ohun ìrìnnà» ló pa ọmọ rẹ̀, tí o kò sọ bóyá alùpùpù ni tàbí kámíọ̀, o kò purọ́. Ṣùgbọ́n ṣé o ti sọ fún un?

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ni mo ń fà. Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn ló jókòó sínú rẹ̀, tó fi ojú ara rẹ̀ wo ilẹ̀ lóru, irú àṣìṣe kan nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ tí ẹnì kan jókòó sí yàrá tó ń darí, tó ń wo àwọn ọmọ Ọlọ́run bí òjìji nínú gíláàsì, àṣìṣe mìíràn ni, àtúnṣe rẹ̀ sì yàtọ̀. Ta ló ń wo gíláàsì náà? Ta ló ní kó yìn? Ṣé wọ́n bi olórí abúlé pé ọjọ́ ọdún ni, ṣé àwọn ọmọ á rìn lóru? Tí a kò bá mọ ohun tó ju iná, a ò lè bèèrè èyíkéyìí nínú wọn.

Wọ́n á ní àṣírí ni. Ẹ jọ̀ọ́, àṣírí ta ni? Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 2021, Ààrẹ Erdoğan ti ilẹ̀ Turkey wá sí Lomé. Lẹ́yìn ìgbà náà ni àwọn oníròyìn òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pé Togo ti ra drone Bayraktar TB2 láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Turkey. Ọmọ tó ń ta káàdì fóònù lọ́jà Kambolé lè fi àwòrán irú drone bẹ́ẹ̀ hàn yín. Àwọn tó ń bá wa jà náà ní fóònù. Ta wá ló kù tí wọ́n ń fi pa mọ́ fún, bí kò ṣe ẹni tó san owó rẹ̀? Ní oṣù kejìlá ọdún 2020 ni ilé aṣòfin gba òfin ètò ológun fún ọdún 2021 dé 2025, owó rẹ̀ lé ní 722 bílíọ̀nù sẹ́fà. Owó orí wa wà níbẹ̀. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjà tí àwọn ìyá wa ń san pẹ̀lú ìbínú, bí kò bá sí níbẹ̀, ará ilé rẹ̀ wà níbẹ̀.

Mo gbọ́ ẹni tó ń sọ pé bí a bá sọ òótọ́ fún aráàlú, ọkàn àwọn sójà á rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ jẹ́ ká wo èyí tó ti ṣẹlẹ̀. Oṣù kọkànlá ọdún 2021 ni wọ́n kọ́kọ́ kọlu àwọn sójà wa, ní Sanloaga. Ó di oṣù kẹrin ọdún 2023 kí Ààrẹ Faure Gnassingbé tó sọ iye òkú lórí tẹlifíṣọ̀n: nǹkan bí 140, ọgọ́rùn-ún aráàlú àti ogójì sójà. Ọdún kan àti ààbọ̀ la fi ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn awakọ̀ tó ń bọ̀ láti Cinkassé, olúkúlùkù pẹ̀lú iye tirẹ̀. Ọjọ́ tí Ààrẹ sọ ọ́, ṣé sójà kankan sá kúrò ní Savanes? Ọ̀run ò wó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé a mọ iye ẹni tí à ń ṣàdúrà fún.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni mo ní kí wọ́n sọ o. Ibi tí àwọn ọmọ wa tó wà lógun ń sùn, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà àti wákàtí tí wọ́n ń gbà á, ibi tí ọta wà, orúkọ ẹni tó wá sọ fún wọn: bí ẹnikẹ́ni bá kọ ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí sínú ìwé ẹgbẹ́ yìí, èmi ni n ó kọ́kọ́ fà á ya. Àṣírí tó bo ọmọ ogun wà, àṣírí tó bo ọ̀gá sì wà. Mo mọ ìyàtọ̀ wọn, nítorí mo ti pa méjèèjì mọ́.

Ní ibi iṣẹ́ ìjọba kan tí n kò ní dárúkọ, òǹtẹ̀ CONFIDENTIEL wà lórí tábìlì mi pẹ̀lú yíǹkì pupa. Fún bí ọdún méjì mo rò pé ohun ńlá ni mò ń ṣọ́. Mo tilẹ̀ máa ń ti ilẹ̀kùn kí n tó lù ú. Nígbà tó yá mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí mò ń lu òǹtẹ̀ sí. Owó epo mọ́tò tó pọ̀ ju ìrìn mọ́tò lọ. Ìwé ẹ̀sùn tí òṣìṣẹ́ kan kọ nípa ọ̀gá rẹ̀. Kànga kan tí wọ́n ti san owó rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbẹ́. Kò sí ọ̀tá Togo kan tó lè fi ìyẹn gbógun tì wá. Aráàlú nìkan ló lè fi bínú. Èmi náà lù ú, mo dákẹ́, mo sì ń gba owó oṣù mi. Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀.

Àwọn tó dàgbà bíi tèmi á rántí ọdún 2000. Savimbi àti ẹgbẹ́ UNITA ń jagun ní Angola nígbà náà, ONU sì ti ní kí ẹnikẹ́ni má ta ohun ìjà fún wọn. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn, ìgbìmọ̀ kan tí Robert Fowler, aṣojú Canada ní ONU, ṣe olórí rẹ̀ gbé ìwé jáde, wọ́n dárúkọ Ààrẹ Eyadéma àti ilẹ̀ wa pé àwọn ohun ìjà kan ti ibí kọjá sọ́dọ̀ Savimbi. Ìjọba ní irọ́ ni. Ní oṣù keje, nígbà tí àwọn olórí Áfíríkà pé jọ sí Lomé fún ìpàdé OUA, Ààrẹ Angola kò yọjú. Ìtìjú gbáà ni.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán. Kí ọdún náà tó parí, àwọn aṣèwádìí ONU mìíràn yẹ àwọn ìwé tí àwọn oníṣòwò fi ra ohun ìjà ní Bulgaria wò, ìwé tó ní orúkọ Togo lórí, tó ní àwọn sójà wa ló fẹ́ lo ohun ìjà náà. Wọ́n rí i pé ayédèrú ló pọ̀ jù nínú wọn: ẹnì kan mú ojúlówó kan ṣoṣo, ó fi ṣe àwòkọ ìyókù. Ẹ wo ibi tí mò ń lọ. Ká ní ìjọba wa máa ń tẹ ojú ìwé kan péré jáde lọ́dọọdún, pé ohun tí a rà rèé, iye rẹ̀ rèé, ọ̀dọ̀ ẹni tí a ti rà á rèé, ta ló máa fi orúkọ wa ra ọta àti ìbọn ńlá tí ẹni tó ń tà á kò ní rí i lójú ẹsẹ̀ pé a ò bèèrè fún un? Ìpamọ́ yẹn ló fún olè ní orúkọ wa láti wọ̀. N ò sọ pé èyí wẹ gbogbo ohun tó wà nínú ìwé Fowler mọ́ o, kò wẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo sọ ni pé ẹni tó jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yẹn rí ibi sá sí, ẹni tí kò jẹ̀bi kò sì rí ìwé kankan fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Láti ìgbà náà, ìwé tí a ti buwọ́ lù kò kéré. Àdéhùn CEDEAO lórí ìbọn kéékèèké ní Abuja, ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2006. Àdéhùn àgbáyé lórí òwò ohun ìjà, tí Togo fọwọ́ sí pátápátá ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún 2015. Àdéhùn yìí ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan máa kọ ohun tó rà àti ohun tó tà ránṣẹ́ lọ́dọọdún sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Geneva, ó sì fún ìjọba láyè láti yàn bóyá gbogbo ènìyàn lè kà á tàbí àwọn ìjọba ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan. Nílé níbí, òfin ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2016 fún ọmọ ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba. Wọ́n yọ àṣírí ààbò ìlú sílẹ̀, ó dáa. Ṣùgbọ́n ohun tí òyìnbó tó wà ní Geneva lè kà, kí ló dé tí ará Koussountou kò ní lè kà á?

Ẹ wá padà sílé. Àwọn ọdẹ wa ní ìbọn. Alágbẹ̀dẹ ló rọ púpọ̀ nínú wọn, àwọn mìíràn jẹ́ ogún bàbá. Bí wọ́n bá wá lọ́la pé kí gbogbo ọdẹ kó ìbọn wá fún kíkọ nọ́ńbà, èmi á ní kí wọ́n kó o wá. Ọdẹ á sì bi mí pé: «Bàbá, ta ló ń ka ti wọn?» Kí ni kí n dá a lóhùn? Ẹni tí à ń ka ìbọn ẹyọ kan ṣoṣo rẹ̀, tí a ń kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀, tó sì mọ̀ pé ẹni tó ń kà á kì í ka tirẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, á lọ ri ìbọn náà mọ́ abẹ́ àká. Ọjọ́ tí àjèjì bá sì gba oko rẹ̀ kọjá, kò ní sọ. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn àjèjì. Kò fẹ́ kí wọ́n bi í pé kí ló ń wá lóko lóru.

Ẹ̀yin olóyè wa, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù. Bí préfet bá tún pè yín sí Tchamba, ẹ lọ, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ tirẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà kí ẹnì kan nínú yín dìde, kó bèèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kí ìjọba jẹ́ kí gbogbo ènìyàn rí ìwé tó ń kọ lọ sí Geneva; kí wọ́n dárúkọ ohun tó ju iná ní Margba, ká mọ̀ ọ́n ní orúkọ tó ń jẹ́; àti pé bí wọ́n bá gba ìbọn lọ́wọ́ ọdẹ, kí wọ́n fún un ní ìwé tó fi hàn pé wọ́n gbà á àti ohun tí wọ́n fi í ṣe. Kò sí àṣírí ogun nínú ìyẹn. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù wà, pé wọ́n lè sọ pé alátakò ni yín. Alátakò wo ló ń lọ jókòó sí ọ́fíìsì préfet tó ń bèèrè ìwé tí òfin ìjọba fúnra rẹ̀ sọ pé òun lè bèèrè?

Mo ti kọ ìbéèrè náà ní Faransé, ojú ìwé kan ni, kò gùn. Ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Àyè ìbuwọ́lùwé mọ́kànlá wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Títí di àárọ̀ tí mò ń kọ èyí, ẹni méjì ló ti buwọ́ lù ú.